Rírà ni tàbí Ṣíṣe? Ọ̀rọ̀ lórí Alùpùpù Onítáyà Mẹ́rin fún Eré Ìje

(Àwọn tí ó kópa: Atọ́kùn ètò àti Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan)

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò lónìí wá láti inú lẹ́tà kan tí olùkọ́ kan kọ sí wa. Olùkọ́ yìí ní ọmọkùnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ti fi ọkàn sí eré ìje alùpùpù onítáyà mẹ́rin, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní quad. Ní òpin ọ̀sẹ̀, a máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn jórinjórin, ó sì ti tọ́jú owó díẹ̀ pa mọ́. Ó wá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé kí ó fi owó kún tòun, kí òun lè fi ọwọ́ ara òun kan alùpùpù tí òun yóò máa fi sáré. Bàbá ní òun kò kọ̀ láti ran ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀ sí ohun tí ọmọ ogún ọdún fi iná jó pọ̀, tí òun kan náà yóò sì gùn. Ó ní kí ó ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe parí. Ọmọ ní ti ilé-iṣẹ́ kò bá òun mu. Bàbá wá bi wá pé: ta ni ó jàre? Nítorí èyí ni a ṣe ké sí ọ̀gá kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀.

OLÙKỌ́: Ẹ ṣeun, mo kí gbogbo òǹwòran. Kí n tó dá ẹjọ́ láàrin bàbá àti ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Alùpùpù yìí ní táyà mẹ́rin bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹṣin ni a ṣe ń gùn ún. Ẹni tí ó gùn ún yóò fi ẹsẹ̀ há a, yóò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ti alùpùpù. Nínú ti eré ìje, irin kan ṣoṣo ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní jíà kan ní ìdí tí ń jẹ́ kí táyà òde yára ju táyà inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Eléyìí kò ní in. Bí táyà kan bá yí lẹ́ẹ̀kan, èkejì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ó bá dé kọ́nà, ìdí rẹ̀ ní láti yọ̀ kí ó tó lè yí. Asáré náà yóò sì gbé ara rẹ̀ sọ sí ẹ̀gbẹ́ inú kọ́nà, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Ara ènìyàn jẹ́ apá kan nínú ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn rírà àti ṣíṣe ti jáde.

ATỌ́KÙN: Ǹjẹ́ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ṣíṣe irú ọkọ̀ báyìí ni? Báwo ni àwọn ènìyàn ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan tiwọn?

OLÙKỌ́: Ìtàn náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní 1970 ni ilé-iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ kó onítáyà mẹ́ta dé ọjà Amẹ́ríkà. Onítáyà mẹ́ta yìí a máa dojú dé, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Nígbà tí ó di 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní tà á mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, Suzuki ti mú onítáyà mẹ́rin jáde ní nǹkan bí 1982. Lẹ́yìn náà ni ti eré ìje gan-an tẹ̀ lé e: Suzuki gbé Quadracer LT250R jáde ní 1985, Honda gbé TRX250R jáde ní 1986, Yamaha sì gbé Banshee jáde ní 1987.

Lẹ́yìn 1989, Honda dá ṣíṣe 250R dúró. Àwọn asáré kò sì tíì ṣe tán láti fi í sílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í kan férémù tí ó jọ ti 250R, wọ́n sì fi irin tí ó le ju ti àtijọ́ lọ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Laeger jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí asáré tí ó bá fẹ́ wà níwájú fi ń to ọkọ̀ rẹ̀ jọ lọ́nà báyìí: férémù láti ibì kan, ṣọ́kì láti ibòmíràn, ẹ́ńjìnnì láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Honda gbé alùpùpù onítáyà méjì CRF450R jáde ní 2002, àwọn kan yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n gbé e sínú férémù onítáyà mẹ́rin.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá rí i pé ọjà ń lọ. Ní 2004, Yamaha gbé YFZ450 jáde, Honda sì gbé TRX450R jáde. Suzuki tẹ̀ lé wọn ní 2006, Kawasaki, KTM àti Can-Am sì dé ní 2008. Ọdún náà gan-an ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú rú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì ń padà lẹ́yìn. Honda dá TRX450R dúró ní 2014. Lónìí, YFZ450R tí Yamaha mú jáde ní 2009 ni a lè tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú àwọn ojúlówó ọkọ̀ eré ìje onítáyà mẹ́rin tí ènìyàn ṣì lè rà ní tuntun ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí nìyí: kì í ṣe ìgbéraga ni ó mú àwọn ènìyàn kan tiwọn. Àìrí rà ni. Nígbà tí ọjà ní ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n rà á. Nígbà tí ọjà kò ní in mọ́, wọ́n padà sí ìdí iná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ohun tí mo fẹ́ kò sí lọ́jà lóòótọ́?

ATỌ́KÙN: Bí ó bá wà lọ́jà ńkọ́? Kí ni ènìyàn ń rà gan-an nígbà tí ó bá ra ti ilé-iṣẹ́?

OLÙKỌ́: Ohun tí ó ń rà ju irin àti rọ́bà lọ. Ìdánwò ni ó ń rà. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí YFZ450R kan tó dé ọjà, ilé-iṣẹ́ ti fọ́ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní ibi ìdánwò. Férémù tí ó sán, wọ́n ti rí ibi tí ó ti sán, wọ́n sì ti fi irin kún ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná jù, wọ́n ti mọ ìdí rẹ̀. Àṣìṣe tí ẹlòmíràn ti ṣe, tí ó sì ti san owó rẹ̀, ni oníbàárà ń jàǹfààní rẹ̀.

Èkejì, ó ń ra ìwé àti ẹ̀yà ara ọkọ̀. Gbogbo nǹkan tí ó wà lára ọkọ̀ náà ni ó ní nọ́ńbà. Bí ohun kan bá bàjẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, yóò pe nọ́ńbà rẹ̀ fún oníṣòwò, wọn yóò sì fi èyí tí ó bá a mu gẹ́lẹ́ ránṣẹ́. Ẹni tí ó kan tirẹ̀ kò ní nọ́ńbà tí yóò pè. Bí irin apá iwájú tí ó fi ọwọ́ ṣe bá tẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà lọ ṣe òmíràn, ìdíje yóò sì ti kọjá lọ.

ATỌ́KÙN: Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ní ti ilé-iṣẹ́ kò bá òun mu. Ṣé irọ́ ni ó ń pa ni?

OLÙKỌ́: Kò purọ́ rárá. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ kò mọ ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó wọ̀n 60 kílò, ó sì lè jẹ́ ẹni 100 kílò. Nítorí náà, wọ́n yan sípíríǹgì tí ó wà láàrin méjì. Yóò le jù fún ẹni àkọ́kọ́, yóò sì rọ̀ jù fún ẹni kejì. Bákan náà ni ọwọ́ ọkọ̀ àti ibi ìtẹsẹ̀: ẹni gíga yóò ká orúnkún sókè bí ẹni tí ó jókòó lórí àpótí ọmọdé.

Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ni irú pápá tí yóò ti sáré. Ní Amẹ́ríkà, eré ìje yìí pín sí oríṣi mélòó kan. Motocross wà, èyí tí a ń sá ní pápá tí a fi erùpẹ̀ mọ òkè gegele sí, tí ọkọ̀ yóò máa fò lórí wọn. Ti inú igbó náà wà, irú èyí tí ìdíje GNCC ń ṣe, tí àwọn àgbà asáré yóò fi nǹkan bí wákàtí méjì sá láàrin igi, ẹrọ̀fọ̀ àti òkúta. Ti motocross fẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀. Ti inú igbó fẹ́ kí ó tín-ín-rín díẹ̀, kí ó lè gba àárín igi méjì kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ mú ìbú tí ó wà láàrin táyà ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ pín in sí méjì. Kí ẹ wá fi gíga ibi tí ìwúwo ọkọ̀ àti asáré gbé kó jọ sí pín ìdajì náà. Bí ìbú bá jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà, tí gíga náà sì jẹ́ 50, èsì jẹ́ 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà inú kọ́nà kò ní gbéra kúrò nílẹ̀ àfi bí agbára tí ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ bá tó gbogbo ìwúwo wọn. Bí a bá fi 10 sẹ̀ǹtímítà kún ìbú, èsì di 1.1. Bí a kò bá fi kún ìbú, ṣùgbọ́n tí a rẹ gíga náà sílẹ̀ di 45, èsì tún di nǹkan bí 1.1. Ẹ rí i pé ohun kékeré tí ojú lè rí, tí òṣùwọ̀n lè wọ̀n, ni ó ya ẹni tí ó dúró sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó dojú dé. Ọmọ náà jàre níbí.

ATỌ́KÙN: Bí ó bá jàre níbí, tí ó sì mọ iṣẹ́ jórinjórin, kí ni ó wá kù tí kò fi ní kan gbogbo rẹ̀?

OLÙKỌ́: Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Jíjó irin pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Mímọ ibi tí ìnira yóò gbà kọjá nínú irin náà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n tún ṣe ìṣirò kan. YFZ450R wọ̀n 184 kílò pẹ̀lú epo àti omi rẹ̀. Ẹ fi asáré tí ó wọ̀n 76 kílò kún un, ó di 260. Ká ní ó fò, tí ó sì já bọ́ láti òkè mítà méjì sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ṣọ́kì rẹ̀ lè wọlé tó nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà kí ó tó dé òpin. Gbogbo agbára tí ọkọ̀ kó jọ láàrin mítà méjì àti 25 sẹ̀ǹtímítà ni a gbọ́dọ̀ pa láàrin 25 sẹ̀ǹtímítà yẹn. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Férémù náà yóò ru ohun tí ó tó 2,340 kílò ní ìwọ̀n-ọgbọọgba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá balẹ̀ sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò dín kù. Bí ṣọ́kì bá rọ̀ jù tí ó sì kan ìdí, yóò pọ̀ sí i. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìdíje kan.

Àwọn tí ń kan férémù eré ìje a máa lo irin tí a fi kúrómíọ̀mù àti mọlibidínọ̀mù sí, èyí tí wọ́n ń pè ní 4130. Irin náà lágbára, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá kàn án ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó tutù kíákíá jù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó a máa gan bí àwo, ibẹ̀ ni yóò sì ti sán lọ́jọ́ kan. Ojú jíjó náà lè dán bí ẹ̀gbà ọrùn, kí inú rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ra. Ojú lásán kò lè rí i. Bákan náà, iná a máa fa irin lọ́. Ẹni tí kò bá ní tábìlì onírin tí a fi ń di férémù mú ṣinṣin nígbà tí a bá ń jó o, férémù rẹ̀ yóò wọ́. Táyà iwájú yóò kọjú sí ibì kan, ti ẹ̀yìn yóò kọjú sí ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tún wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù onítáyà méjì ni a ṣe fún ọkọ̀ tí ó wọ̀n nǹkan bí 100 sí 110 kílò. Bí a bá gbé e sínú onítáyà mẹ́rin, ẹrù rẹ̀ pọ̀ sí i gidigidi. Kílọ́ọ̀ṣì yóò tètè jó, omi inú rédíétọ̀ kò ní tó láti mú un tutù, jíà rẹ̀ kò sì ní bá iṣẹ́ náà mu. Gbogbo èyí ni ó ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n owó àti ọjọ́ ni àtúnṣe ń jẹ.

ATỌ́KÙN: Ẹ ti mẹ́nu ba owó. Bàbá náà yóò fẹ́ gbọ́ èyí. Èwo ni ó wọ́n jù?

OLÙKỌ́: Bí a bá wo ojú ọjà, YFZ450R tuntun ń lọ sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọmọ yóò wo iye yìí, yóò ní irin kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ra ẹ́ńjìnnì, ṣọ́kì mẹ́ta, táyà, bíréèkì, irin ìdí, rédíétọ̀ àti wáyà iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò rí i pé àpapọ̀ wọn lè ju owó odidi ọkọ̀ lọ. Kò tíì ka àkókò rẹ̀, kò sì tíì ka àwọn irin tí yóò gé ṣì. Lọ́jọ́ tí ó bá sì fẹ́ tà á, oníbàárà yóò bi í pé, "Ta ni ó jó eléyìí?" Bí kò bá rí ìdáhùn tí ó mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, yóò fa owó náà wálẹ̀ tàbí kí ó bá tirẹ̀ lọ. Ti ilé-iṣẹ́ kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kí bàbá náà má sì yọ̀ jù. Ti ilé-iṣẹ́ pàápàá kò tíì pé fún pápá bí ó ti jáde. Òfin ìdíje a máa béèrè okùn tí a so mọ́ ọwọ́ asáré, tí yóò pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá já bọ́. A sì máa béèrè irin ìdènà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí táyà ọkọ̀ ẹlòmíràn má baà há mọ́ tirẹ̀. Oríṣi ìdíje kan wà tí ó ní kí férémù jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Òmíràn gba èyí tí a kàn. Nítorí náà, ìwé òfin ni kí ọmọ kọ́kọ́ rà, kí ó tó ra ohunkóhun. Yóò jẹ́ ohun ìbànújẹ́ bí ó bá kan ọkọ̀ tán, tí wọ́n sì dá a padà ní ẹnu ọ̀nà pápá.

ATỌ́KÙN: Ọ̀gá, àkókò ń lọ. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà.

OLÙKỌ́: Ẹjọ́ mi nìyí. Bàbá jàre nípa férémù àti ẹ́ńjìnnì. Ọmọ jàre nípa ìwọ̀n. Ìlànà tí n óò fún wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: ohun tí o kò bá lè dán wò, rà á, ohun tí o bá lè fi ojú rí, tí o sì lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n, ṣe é fúnra rẹ.

Kí ọmọ ra ti ilé-iṣẹ́, kódà kí ó jẹ́ àlòkù. Kí ó tó sanwó, kí ó fọ ẹrọ̀fọ̀ kúrò lára férémù, kí ó wo gbogbo ibi tí apá iwájú gbé so mọ́ ọn. Bí ó bá rí ọ̀dà tuntun ní ibì kan ṣoṣo, kí ó bi ẹni tí ń tà á léèrè ohun tí ọ̀dà náà bò mọ́lẹ̀. Kí ó gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kí ó yí i, kí ó wò bóyá irin ìdí rẹ̀ ń mì. Kí ó gba ìwé tí ó fi hàn pé ọkọ̀ kì í ṣe ti olè. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi í sáré fún odidi sáà kan láìfọwọ́ kan ohun tí ó ju sípíríǹgì, ọwọ́ ọkọ̀ àti ibi ìtẹsẹ̀ lọ. Kí ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ibi tí ó ti fẹ́ dojú dé, ibi tí ṣọ́kì ti kan ìdí, ibi tí ọwọ́ ti ro ó. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún un bóyá ìbú ni kí ó fi kún tàbí gíga ni kí ó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kan ọkọ̀ láìní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àlá ni ó ń kàn.

Bí ó bá wá dé ìpele tí ti ilé-iṣẹ́ kò lè gbé e mọ́, tàbí tí ohun tí ó nílò kò sí lọ́jà mọ́, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti kan tirẹ̀. Nígbà náà pàápàá, kí ó ra férémù lọ́wọ́ àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọn, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ìyókù. Bí ó bá sì fẹ́ lo iṣẹ́ jórinjórin rẹ̀, kí ó fi kan irin ìdènà iwájú àti àtẹ tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Bí ìwọ̀nyí bá já, ojú ni yóò ti í, kò ní gba ẹ̀mí rẹ̀.

ATỌ́KÙN: Ẹ ti là wá lọ́yẹ̀. Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ ti gbọ́ ọ: kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi pátápátá. A ó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí bàbá náà. Ó dọwọ́ òun náà láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú owó tí ó bá yẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé ìṣirò méjèèjì dé kíláàsì. Kí ẹ sì béèrè pé, nínú ohun tí à ń lò lójoojúmọ́, èwo ni a lè dán wò fúnra wa, èwo ni a sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí ẹlòmíràn lé lórí?